Bí Iṣẹ́ Bá Bọ́ Mọ́ni Lọ́wọ́: Àgbéyẹ̀wò Ọ̀rọ̀ Ìyípadà Nínú Iṣẹ́ àti Ìgbésí Ayé Wa

Ìgbà kì í lọ bí òréré, ayé kì í sì í tọ́ lọ bí ọ̀pá ìbọn. Òwe yìí ni àwọn baba wa fi máa ń tu ara wọn nínú nígbà tí iṣẹ́ tí wọ́n jogún bá bọ́ mọ́ wọn lọ́wọ́, òun náà sì ni àwọn ọmọ ìwòyí, tí wọn kò fi bẹ́ẹ̀ ka òwe kún, ń sọ ní ohùn tiwọn nígbà tí wọ́n bá ní kí olúkúlùkù tún ara rẹ̀ ṣe, kí ó kọ́ iṣẹ́ tuntun, kí ó má ṣe jẹ́ kí ìgbà fi òun sílẹ̀ lọ. Ọ̀rọ̀ náà dùn létí, kò sì sí ẹni tí yóò jiyàn rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí a bá bi àwọn tí ń sọ ọ́ léèrè pé báwo ni ẹni tí ó ti fi ọgbọ̀n ọdún di ọ̀gá nídìí iṣẹ́ kan yóò ṣe padà di ọmọ-ẹ̀kọ́ṣẹ́ nídìí òmíràn, ta ni yóò máa bọ́ àwọn ọmọ rẹ̀ ní gbogbo ìgbà tí ó bá fi ń kọ́ ọ, níbo ni yóò sì ti rí owó irinṣẹ́, wọn a máa wò wá sùn-ùn. Nítorí náà ni mo ṣe rò pé ó yẹ kí a fara balẹ̀ tú ọ̀rọ̀ yìí wò láti ìdí rẹ̀, kí a wo bí àwọn ènìyàn wa ti ṣe bá ìyípadà jà láti nǹkan bí igba ọdún wá, nílé àti lẹ́yìn odi, kí a lè mọ ohun tí ó gbé àwọn kan gúnlẹ̀ àti ohun tí ó jẹ́ kí àwọn mìíràn rì.

Ohùn méjì ni ó gba ojú ọjà kan lórí ọ̀rọ̀ náà lónìí. Ohùn kìíní ní ọwọ́ ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn ni ohun gbogbo wà: bí ó bá ní ìfaradà, bí ó bá ń jí ní kùtùkùtù, bí kò bá sì tijú, yóò là á já, ọ̀rọ̀ ẹnu àwọn oníwàásù ìdàgbàsókè ara ẹni nìyí, àwọn tí ń gba owó ìwọlé lọ́wọ́ ẹni tí iṣẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ kí wọ́n tó sọ fún un pé kí ó máa tọ́jú owó. Ohùn kejì ní àkúnlẹ̀yàn ni, pé ẹni tí orí bá gbè nìkan ni ibi tuntun í gbà. N kò bá ti èkínní lọ, n kò sì bá ti èkejì lọ. Àní àwọn onífá tí ó mọ̀ nípa orí jù wá lọ kì í dárúkọ orí kí wọ́n má dárúkọ ẹsẹ̀, nítorí wọ́n mọ̀ pé orí tí kò rí ẹsẹ̀ gbé e rìn yóò wà lójú kan ni. Èrò tèmi ni pé ẹni tí ó bá yí iṣẹ́ padà tí ó sì yè é, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé lábẹ́ ààbò ẹlòmíràn ni ó ti ṣe é, yálà ẹbí ni tàbí ẹgbẹ́, ọ̀gá ni tàbí ìjọba. Àwa tí ń pìtàn rẹ̀ lẹ́yìn náà ni a máa ń yọ àwọn aláàbò wọ̀nyí kúrò, tí a ó wá fi gbogbo ìyìn dá ẹnì kan lọ́lá. Ènìyàn ni aṣọ mi, ni Yorùbá wí. Ìgbà tí ènìyàn bá sì ti bọ́ ẹ̀wù iṣẹ́ àtijọ́, tí kò tíì rí tuntun wọ̀, ni òtútù máa ń mú un jù.

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ ẹni tí orúkọ rẹ̀ kì í wọ́n lẹ́nu oníwàásù. Ní ọdún 1821 ni ogun kó Òṣogùn, tí a mú Àjàyí, ọmọdékùnrin tí kò ju ẹni nǹkan bí ọdún 12 lọ, tí a tà á láti ọwọ́ dé ọwọ́ títí ó fi bá ara rẹ̀ nínú ọkọ̀ àwọn Pọtogí. Ní 1822 ni ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì dá ọkọ̀ náà dúró lójú òkun, tí wọ́n sì sọ ọmọ náà kalẹ̀ ní Sàró. Níbẹ̀ ni ó ti kọ́ ìwé kíkà, ó kọ́ iṣẹ́ gbẹ́nàgbẹ́nà, ó wà lára àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ wọ ilé ẹ̀kọ́ Fourah Bay ní 1827, ó di àlùfáà ní 1843, nígbà tí ó sì di 1864 ẹrú àná ti di Bíṣọ́ọ̀bù Samuel Àjàyí Crowther. Ìtàn náà dára, kò sì sí ọ̀dọ́ tí kò yẹ kí ó gbọ́ ọ. Ibi tí àwọn tí ń sọ ọ́ kì í dúró sí ni ibi tí ó yẹ kí a dúró sí jù, èyíinì ni Sàró fúnra rẹ̀, níbi tí a ti ń fún ẹni tí a gbà sílẹ̀ ní oúnjẹ àti aṣọ kí a tó fún un ní síléètì, níbi tí àwọn ọmọ Yorùbá, tí a ń pè ní Àkú nítorí ìkíni wọn, ti yan olórí fún ara wọn, tí wọ́n sì dá ẹgbẹ́ tí ń sin òkú tí ó sì ń dúró ti aláìsàn sílẹ̀. Àwọn èrò Sàró wọ̀nyí náà ni wọ́n da owó jọ tí wọ́n fi ra ọkọ̀ tí a gbà lọ́wọ́ àwọn olówò ẹrú, tí wọ́n sì fi wa ara wọn wá sí Àgbádárìgì ní 1839. Ọkọ̀ tí ó gbé wọn lọ sóko ẹrú ni irú èyí tí ó gbé wọn padà wálé. Ṣùgbọ́n kò sí ẹnì kan nínú wọn tí ó dá ra ọkọ̀ náà.

Bákan náà ni ó rí lọ́dọ̀ àwọn ọmọ Yorùbá tí a ń pè ní Nàgó ní Bàhíà, ní ilẹ̀ Brazil. Àwọn alábàárù tí ń ru ẹrù káàkiri ìgboro Salvador kì í dá ṣiṣẹ́. Ẹgbẹ́ ẹgbẹ́ ni wọ́n ń jókòó sí ìkóríta, abẹ́ balógun kan ni wọ́n sì wà, débi pé nígbà tí ìjọba ìlú fẹ́ fi owó orí àti bàájì ni wọ́n lára ní 1857, ọjọ́ bíi mélòó kan ni ẹrù fi jókòó sílẹ̀ ní èbúté tí kò sí ẹni tí yóò gbé e. Ní ìlú yìí kan náà ni a ti dá ẹgbẹ́ Sociedade Protetora dos Desvalidos sílẹ̀ ní 1832, ẹgbẹ́ àwọn aláwọ̀ dúdú tí ń da owó jọ láti ra àwọn ènìyàn wọn kúrò lóko ẹrú, tí ó sì ń ṣètọ́jú arúgbó àti opó. Àwọn tí ó padà wálé nínú wọn, tí a ń pè ní Àgùdà, kó iṣẹ́ bíríkìlà àti iṣẹ́ igi tí wọ́n kọ́ nínú ìyà wá sí Èkó, ilé ọgbọ́n. João Baptista da Costa ni ó kọ́ mọ́ṣáláṣí Shitta-Bey tí a ṣí ní 1894: Àgùdà ni ó kọ́ ọ fún Mùsùlùmí tí a bí ní Sàró, owó èrò Sàró pàdé ọwọ́ èrò Brazil ní àárín Èkó. Lọ́dọ̀ irú àwọn ọ̀gá bẹ́ẹ̀ ni àwọn ọmọ-ẹ̀kọ́ṣẹ́ ti gbọ́n, tí ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì alárànbarà fi tàn dé Ìjẹ̀bú, Ìbàdàn, Ìlẹ́ṣà àti Òṣogbo Òròkí.

Ọ̀rọ̀ kòkó ni mo fẹ́ kí a fara balẹ̀ sí, nítorí inú rẹ̀ ni ìdí ohun tí mo ń sọ ti hàn jù. Ìbàdàn Mesì Ọ̀gọ̀ ni ìlú tí ogun jẹ́ iṣẹ́ fún: láti ìgbà tí a ti tẹ̀ ẹ́ dó ni ọmọkùnrin ibẹ̀ ti ń wá ọlá lójú ogun, ẹni tí ó bá mú ẹrú bọ̀ ni ó lówó, ẹni tí ó bá ní ọmọ ogun lẹ́yìn ni ó lè joyè. Nígbà tí ogun Kírìjì, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 1877, wá dé ibi ìwé àlàáfíà ní 1886, tí àwọn ológun sì tú ká pátápátá ní 1893, odindi ìran kan ni iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ wọn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Àwọn kan fi ìbọn kọ́ ògiri, wọ́n ń sọ ìtàn ara wọn fún ẹni tí ó bá fẹ́ gbọ́. Ọ̀pọ̀ gba oko lọ. Ní Àgége, ní ẹ̀yìn odi Èkó, J. K. Coker àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, tí wọ́n dá Ẹgbẹ́ Àwọn Àgbẹ̀ Àgége sílẹ̀ ní 1907, ti ń gbin kòkó. Àwọn tí ó wá ṣe lébìrà lóko wọn sì ń mú irúgbìn padà sílé, títí igbó Ìbàdàn, ti Ìjẹ̀ṣà àti ti Oǹdó fi di oko kòkó.

Ẹ jẹ́ kí a bi ara wa ní ìbéèrè kan tí ìwé ìtàn kì í sábà pẹ́ lórí rẹ̀: kí ni ológun àná ń jẹ títí kòkó rẹ̀ fi so? Kòkó ìgbà náà tó nǹkan bí ọdún márùn-ún kí ó tó so èso tí ó ní láárí. Ìdáhùn rẹ̀ wà nínú oko náà gan-an. Àgbẹ̀ kò gbin kòkó nìkan. Ó fi iṣu, kókò àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ sáàárín rẹ̀, tí ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ ń ṣíji bo ọ̀dọ́ kòkó lọ́wọ́ oòrùn, tí èso rẹ̀ sì ń bọ́ ẹni tí ó gbìn ín. Ìdílé ni ó ni ilẹ̀, tàbí kí ó san ìṣákọ́lẹ̀ fún onílẹ̀. Àáró ni àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ fi bá a ṣán igbó. Ọjà tí ìyàwó rẹ̀ ń ná ni a fi ń ra iyọ̀. Bí owó bá sì wọ́n tan pátápátá, a ó fi ọmọ tàbí àbúrò ṣe ìwọ̀fà lọ́dọ̀ olówó, èyí tí í ṣe ìhà burúkú ọ̀rọ̀ náà, nítorí ará ilé ẹni ni ó ń fi oógùn rẹ̀ sanwó ìyípadà ẹni. Samuel Johnson, ẹni tí ìwé ìtàn rẹ̀ jáde ní 1921, ṣàlàyé èsúsú àti ìwọ̀fà nínú rẹ̀, ẹni tí ó bá sì kà á dáadáa yóò rí i pé Yorùbá kò fi ọ̀rọ̀ ìyípadà sílẹ̀ fún akíkanjú ẹnì kan ṣoṣo rí. Èsúsú náà bá wa kọjá òkun: ní Trinidad, susu ni wọ́n ń pè é títí di òní olónìí.

Bí ó bá ṣe ti ẹni tí ó gbé iṣẹ́ wò tí ó tún gbé e jù sílẹ̀ ni, Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, ọmọ Ìkẹ́nnẹ́, ni ìbá gba ife-ẹ̀yẹ. Ó ṣe olùkọ́, ó ṣe akọ̀wé tí ń tẹ̀wé, ó ṣe oníròyìn, ó fi ọkọ̀ ṣòwò, ó ra kòkó tà, ó sì jókòó kọ lẹ́tà fún àwọn tí kò mọ̀ ọ́n kọ. Òwò kòkó náà fọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́, gbèsè sì kù lọ́rùn rẹ̀. Ilé ni ó ti kàwé gba oyè Yunifásítì Lọ́ńdọ̀nù ní 1944, ọdún náà ni ó sì wọ ọkọ̀ lọ sí Lọ́ńdọ̀nù lọ kọ́ iṣẹ́ lọ́yà, tí ó parí rẹ̀ ní 1946. A kọ ọ̀pọ̀ ìwé nípa ìforítì ọkùnrin yìí, ó sì tọ́ sí i. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó jókòó ti ọmọ nílé ní gbogbo ìgbà náà, tí ó ń ṣòwò kí ilé má bàa dà, ni Hannah Ìdòwú Dídẹolú, aya rẹ̀. Bí òwò obìnrin yìí bá fọ́ ní 1945, n kò mọ̀ bóyá a ó rí lọ́yà kankan.

Nínú gbogbo iṣẹ́ tí ìyípadà ti fojú rẹ̀ rí màbo, n kò rí èyí tí ó kọ́ni lọ́gbọ́n tó àdìrẹ. Nígbà tí téru òyìnbó ya wọ Abẹ́òkúta, ẹni tí kò bá ronú jinlẹ̀ ì bá rò pé iṣẹ́ aró ti dé òpin. Àwọn obìnrin Ẹ̀gbá, ọmọ Olúmọ, sọ ọ́ di ìbẹ̀rẹ̀. Téru náà mọ́, ó sì tẹ́jú, ara rẹ̀ gba iṣẹ́ tí kíjìpá kò gbà. Wọ́n fi iko dì í, wọ́n fi ẹ̀kọ láfún kùn ún pẹ̀lú ìyẹ́ adìyẹ, wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ bọ ìkòkò aró tí a fi ẹ̀lú pọn, èyí tí omi eérú ń jí dìde fún ọjọ́ mélòó kan kí ó tó gba aṣọ. Ìyá Màpó, olúwa gbogbo iṣẹ́ ọwọ́ obìnrin, ni wọ́n ń bọ nídìí ìkòkò náà, ṣùgbọ́n bíbọ òrìṣà kò dí wọn lọ́wọ́ láti wo ojú ayé: nígbà tí ọba Gẹ̀ẹ́sì ṣe Júbílì ní 1935, Júbílì wọ orí àdìrẹ, nígbà tí a kọ́ gbọ̀ngàn Màpó sí Ìbàdàn, òpó rẹ̀ wọ inú ọnà Ìbàdàndùn. Àwọn oníṣòwò ń ti Gold Coast àti Senegal wá ra ọjà náà.

Lẹ́yìn náà ni ìjà bẹ́ sílẹ̀. Sóòdà àti aró inú agolo dé, èyí tí ó sọ iṣẹ́ ọjọ́ púpọ̀ di iṣẹ́ wákàtí. Àwọn kan gbà á tọwọ́tẹsẹ̀, àwọn oníbàárà sì ń kígbe pé aṣọ ń gbó, aró ń ṣí. Ní àárín àwọn ọdún 1930, Aláké Adémọ́lá Kejì fi òfin de sóòdà àti aró òyìnbó náà. Àwọn aláró kọ̀wé ẹ̀bẹ̀, wọ́n gba lọ́yà, wọ́n fà á títí. Ta ni ó jàre? Mo ti ro ó síwá sẹ́yìn, ìdájọ́ mi sì ni pé Aláké rí àrùn náà ṣùgbọ́n ó ṣi egbòogi lò. Kì í ṣe sóòdà ni ó ń ba aṣọ jẹ́ bí kò ṣe ọwọ́ tí kò tíì mọ ìwọ̀n sóòdà. Ohun tí ó sì yẹ ọba ni kí ó fún àwọn obìnrin náà ní ẹni tí yóò kọ́ wọn, kí ó sì dá wọn dúró lórí ìwọ̀n kan, kò yẹ kí ó fi akódà lé ìkòkò wọn kiri. Ẹ̀kọ́ tí a kò kọ́ ni ó ń di òfin tí a kò lè pa mọ́.

Iṣẹ́ náà kò kú síbẹ̀. Nígbà tí ó tó nǹkan bí ọdún 1970, kàm̀pálà ti gba ìgboro, a fi àbẹ́là rọ́pò ẹ̀kọ, oríṣìíríṣìí àwọ̀ sì wọlé bá aró. Níkẹ̀ẹ́ Òkúndàyé, tí a bí ní Ògìdì ní 1951, tí ìyá-ńlá ìyá rẹ̀ sì kọ́ ní iṣẹ́ náà, ṣí ilé iṣẹ́ ọnà sí Òṣogbo ní 1983, ó sì ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ níbẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Lójú mi, ọ̀rọ̀ lọ́fẹ̀ẹ́ yìí ṣe pàtàkì ju gbogbo òkìkí rẹ̀ lẹ́yìn òkun lọ. Lónìí, ẹni tí ó bá dé ọjà Ìtòkú ní Abẹ́òkúta yóò rí àdìrẹ tí ẹ̀rọ tẹ̀ ní Ṣáínà, tí ó wà létí èyí tí ọwọ́ ṣe, tí owó rẹ̀ sì dín gan-an. N kò ní bá ẹni tí ń tà á jà, nítorí ọ̀nà kan kò wọjà, ọmọ rẹ̀ sì gbọ́dọ̀ jẹun. Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe jẹ́ kí a pe èyí ní ìbáyému. Ẹni tí ó fi téru ṣe àdìrẹ ṣì ní ọgbọ́n lọ́wọ́ tí ó lè gbé lọ síbòmíràn. Ẹni tí ó ń ta èyí tí ẹlòmíràn tẹ̀ kò ní ju ìsọ̀ rẹ̀ lọ.

Àwọn ayàwòrán onífọ́tò mọ ìyàtọ̀ yìí dáadáa nígbà kan. Ní Ìlá Ọ̀ràngún, nígbà tí ìsìn titun ti jẹ́ kí ọ̀pọ̀ òbí máa sá fún ère ìbejì, tí ikú sì ń pa ọmọ bí ó ti ń pa á tẹ́lẹ̀, ayàwòrán a ya èyí tí ó kù láàyè nínú àwọn ìbejì, a tẹ àwòrán kan náà lẹ́ẹ̀mejì, a sì tò wọ́n sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn, tí Táíwò àti Kẹ́hìndé yóò fi tún jókòó pọ̀. Bí ọ̀kan bá jẹ́ ọkùnrin tí èkejì sì jẹ́ obìnrin, aṣọ ni a ó pààrọ̀ fún ọmọ náà. Ìyá ọmọ kò fẹ́ igi, kò sì fẹ́ bébà. Ohun tí ó fẹ́ ni kí ọmọ òun má pòórá. Ẹni tí ó bá mọ ohun tí oníbàárà ń wá nísàlẹ̀ ohun tí ó ń sọ, ẹ̀rọ kì í yára gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Láàbù aláwọ̀ mèremère dé, yàrá òkùnkùn di àkísà. Fóònù alágbèéká dé, olúkúlùkù di ayàwòrán. Àwọn tí ó ṣẹ́kù sínú iṣẹ́ náà ni àwọn tí ń ya ìyàwó àti òkú, níbi tí ènìyàn kò ti lè ya ara rẹ̀.

Nínú iṣẹ́ eré, Hubert Ògúndé kọ iṣẹ́ ọlọ́pàá sílẹ̀ kí ó tó gbájú mọ́ tíátà, ó sì rìn láti orí ìtàgé dé ojú sinimá, tí Aiyé rẹ̀ fi jáde ní 1979. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn òṣèré obìnrin rẹ̀ ni ó fi ṣe aya, tí ẹgbẹ́ eré àti agbo ilé fi di ọ̀kan náà, tí owó kò fi tètè jò jáde. Ti Moses Ọláìyá Adéjùmọ̀, Bàbá Sàlá, ni ó ń dùn mí. Ó ti orin bọ́ sí àwàdà, ó ti àwàdà bọ́ sí tẹlifíṣọ̀n, ó sì kó gbogbo ohun tí ó ní lé Ọ̀run Móoru ní 1982. Àwọn olè tú sinimá náà dà sínú kásẹ́ẹ̀tì fídíò, wọ́n ń tà á kiri, gbèsè sì wọ ọ̀gá lọ́rùn. Gbogbo ohun tí àwọn oníwàásù ní kí ènìyàn ṣe ni ọkùnrin yìí ṣe. Ó gbójú, ó kọ́ ohun tuntun, ó ṣáájú ẹgbẹ́ rẹ̀. Òfin tí ó yẹ kí ó bò ó ni kò bò ó. Kásẹ́ẹ̀tì tí ó pa á náà ni Muyideen Àrómirẹ́ fi ṣe Ẹkùn, tí ọ̀nà fi là fún àìmọye òṣèré. Ó sì di 2022 kí Kúnlé Afọláyan, ọmọ Adé Love, tí ó ti ṣiṣẹ́ báńkì rí, tó gbé Aníkúlápó jáde lórí Netflix fún gbogbo ayé.

Àwọn oní-agboòrùn ojú títì kò ní òkìkí, ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ wọn kò kéré. Láti ìgbà tí fóònù alágbèéká ti dé ní oṣù kẹjọ ọdún 2001 ni wọ́n ti ta agboòrùn, tí wọ́n gbé àga kékeré síbẹ̀, tí wọ́n ń fi fóònù kan pe gbogbo ayé fún àwọn tí kò ní. Nígbà tí olúkúlùkù ra tirẹ̀, wọ́n ń ta káàdì. Nígbà tí káàdì wọ inú fóònù lọ, wọ́n gbé ẹ̀rọ POS sórí tábìlì kan náà. Nígbà tí owó sì wọ́n ní ìbẹ̀rẹ̀ 2023, ọ̀dọ̀ wọn ni dókítà àti adájọ́ lọ tò sí. Ìdí tí wọ́n fi lè ṣe é ni pé ohun tí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ kéré tó bẹ́ẹ̀ tí àjọ lè gbé e: bí èyí bá tán, owó tí alájọ bá kó fún wọn á tó ṣe òmíràn. Ẹ fi wé àwọn ọlọ́kadà tí ìjọba Èkó lé kúrò ní ọ̀pọ̀ ojú ọ̀nà ní oṣù kejì ọdún 2020. Gbèsè ni púpọ̀ nínú wọn fi gba ọkọ̀, àṣẹ sì dé kí gbèsè tó tán. Ẹni tí a lé lọ́jọ́ kan kò lè yí padà lọ́jọ́ kan, ọgbọ́n yòówù kí ó ní.

N kò ní kí ènìyàn má ṣe ipa tirẹ̀. Ohun kan wà tí ẹbí kò lè bá ni ṣe, òun ni kí àgbàlagbà gbà lọ́kàn ara rẹ̀ pé ọmọdé yóò kọ́ òun níṣẹ́. A máa ń sọ pé ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, ni a fi dá Ilé-Ifẹ̀, ṣùgbọ́n bí ọmọ ọdún ogún bá ń fi ìka tọ́ka síwájú kọ̀ǹpútà fún ẹni àádọ́ta ọdún, ojú a máa ti àgbà, a máa bínú, a máa rántí àwọn ọmọṣẹ́ tí ó ti gba fíríìdọ̀mù lábẹ́ rẹ̀. Kí ó bínú tán kí ó sì jókòó. Bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran. Ọ̀pọ̀ tí mo ti rí tí iṣẹ́ tuntun kọ̀ fún, kì í ṣe òye ni kò sí, ẹ̀rù ohun tí ẹgbẹ́ yóò wí ni.

Èyí ni ó jẹ́ kí ọ̀rọ̀ àwọn tí ó já lọ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí a ń pè ní jàpá, wúwo ju bí wọ́n ti ń ròyìn rẹ̀ nílé lọ. Ọ̀gá báńkì àná ń wẹ arúgbó, ó ń pa aṣọ ibùsùn dà lóru, kò sì sí ẹni tí ó mọ̀ ọ́n ní sà. Iṣẹ́ tí ó lọ́lá ni iṣẹ́ náà. Ohun tí ó le ni pé ìyípadà iṣẹ́ àti ìyípadà ara ẹni ṣubú lu ni lọ́jọ́ kan náà. Tẹ́lẹ̀, ọkọ tàbí aya a máa tẹ̀ lé e lọ, ìdílé a sì jọ fara da òtútù; ní oṣù kẹta ọdún 2024, òfin ilẹ̀ náà fòpin sí mímú tí olùtọ́jú arúgbó tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bọ̀ ń mú ọkọ, aya tàbí ọmọ dání. A gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, a gba orúkọ lọ́wọ́ rẹ̀, a tún gba àwọn tí ì bá bò ó. Ẹni tí ó bá ń kọ́wọ́ ti ọ̀dọ́ lẹ́yìn láti lọ, kí ó sọ èyí fún un kí ó tó ta ilẹ̀.

Nítorí náà, ọ̀dọ̀ àwọn ẹgbẹ́ ni mo ń darí ẹ̀bẹ̀ mi sí, ẹgbẹ́ télọ̀ àti ti ayàwòrán, ẹgbẹ́ atẹ̀wé, ẹgbẹ́ onímọ́tò, ẹgbẹ́ ọmọ ìlú nílé àti ní òkè òkun, àti àwọn ìjọ àti mọ́ṣáláṣí tí ń gba owó lọ́wọ́ wa lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Aṣọ ẹgbẹ́ tí ẹ ń rà lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún kì í ṣe ohun burúkú. Ẹ dín in kù sí ẹ̀ẹ̀kan, kí ẹ fi owó èkejì dá àpò sílẹ̀ fún ọmọ ẹgbẹ́ tí iṣẹ́ rẹ̀ bá kú, tí yóò fi bọ́ ilé rẹ̀ fún oṣù mẹ́fà tí yóò fi kọ́ òmíràn, kí ẹ sì yan ẹni tí kò jalè láti máa kọ orúkọ sílẹ̀. Ẹ lè fi í sórí ọ̀rọ̀ ìpàdé tí ń bọ̀ yìí.